Búlówà, swab, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí Èkó? Ìfiwéra ọ̀nà tí a fi ń nu sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà nílé

Ìyá ìyàwó ló kọ́kọ́ rí i. Àpáta Olúmọ wà lẹ́yìn tọkọtìyàwó, ojú ọ̀run mọ́ lókè, gèlè ìyàwó dúró dáadáa, inú mi sì ti ń dùn pé iṣẹ́ ti jáde. Màmá na fóònù sí mi, wọ́n fi èékánná tọ́ka sí ojú ọ̀run nínú fọ́tò náà: "Ọmọ mi, ẹyẹ wo nìyí?" Mo wò ó, ara mi bù máṣọ. Ẹyẹ méje ni, ibi kan náà ni gbogbo wọn sì bà sí nínú fọ́tò 44. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, eruku ni. Màá yọ ọ́." Wọ́n wò mí títí. "Eruku? Lójú ọ̀run?"

Inú kámẹ́rà ni eruku náà wà, lórí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ sọ di fọ́tò. Ìgbà ọyẹ́ ni, mo sì ti pààrọ̀ lẹ́ǹsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí àpáta láàárọ̀ ọjọ́ yẹn bí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rárá. Láti ìgbà náà ni mo ti dán gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà nu sẹ́ńsọ̀ nílé wò, títí kan èyí tí kò yẹ kí n dán wò. Mo fẹ́ gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ lè mú èyí tó bá ìdọ̀tí yín àti kámẹ́rà yín mu. Mo fi ìdọ̀tí ṣáájú nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣì í. A máa ń béèrè irinṣẹ́ tó dára jù, a kì í béèrè ohun tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Eruku gbígbẹ ni, tàbí òróró, tàbí omi tó gbẹ síbẹ̀? Ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń ká kálukú wọn kúrò.

Ṣé sẹ́ńsọ̀ ni lóòótọ́?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Bí ẹ bá ń rí àbàwọ́n nígbà tí ẹ bá fojú sí ihò ìwòran DSLR (kámẹ́rà tí dígí inú rẹ̀ ń gbé àwòrán sókè sí ihò náà), ṣùgbọ́n tí kò sí nínú fọ́tò, kò kan sẹ́ńsọ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ lẹ́ǹsì tí àbàwọ́n bá tẹ̀ lé lẹ́ǹsì lọ, ara lẹ́ǹsì ló wà. Èyí tó bá dúró sójú kan náà pẹ̀lú lẹ́ǹsì méjì ni ẹjọ́ tiwa.

Láti rí i kedere, ẹ gbé kámẹ́rà sí A tàbí Av, níbi tí ẹ fúnra yín ti ń yan bí ihò lẹ́ǹsì ṣe máa fẹ̀ tó, ẹ tì í dé f/16 tàbí f/22 (bí nọ́ńbà f bá ṣe pọ̀ tó ni ihò ṣe ń kéré tó), ISO 100. Ẹ yí fókọ́ọ̀sì sí ti ọwọ́, ẹ bà á jẹ́ kí gbogbo nǹkan rí bàìbàì, kí ẹ ya ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run, kí ẹ sì máa mi kámẹ́rà jẹ́jẹ́ bí ẹ ṣe ń yà á. Mímì yẹn á jẹ́ kí àbàwọ́n ara ògiri fẹ́ dànù. Ti sẹ́ńsọ̀ ò ní yẹsẹ̀.

Ìdí tí f/22 fi ń tú àṣírí eruku ni pé eruku kì í jókòó lórí sẹ́ńsọ̀ gan-an. Dígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló bo sẹ́ńsọ̀, orí dígí yẹn ni eruku ń bà sí, òjìji rẹ̀ ló ń já sórí sẹ́ńsọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ na ọwọ́ yín síwájú ògiri lábẹ́ iná gígùn funfun tó wà lájà, òjìji ọwọ́ náà á rí rúdurùdu. Ẹ pa iná yẹn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìka yín á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ihò f/2.8 fẹ̀ bí iná gígùn yẹn. Ti f/22 dà bíi tọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ya ọ̀wàmbẹ̀ nínú gbọ̀ngán ní f/2.8 láti ọdún dé ọdún fi lè máà mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ òun ti di ààtàn, àfi ọjọ́ tó bá gbé e jáde sínú oòrùn.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ mí níyà. Àwòrán máa ń dorí kodò lórí sẹ́ńsọ̀. Àbàwọ́n tó wà lókè lápá òsì nínú fọ́tò, ìsàlẹ̀ lápá òsì ni ẹ ó ti bá a nígbà tí ẹ bá kọjú sí kámẹ́rà tó dúró ṣánṣán. Òkè ló di ìsàlẹ̀, òsì ò yí padà. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi ń fẹ́ atẹ́gùn sókè nígbà tí eruku jókòó sísàlẹ̀ tó ń wò mí.

Kí ẹ nù ún, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ fi wé ìyókù ni kí ẹ má nu nǹkan kan. Mi ò fi ṣeré. Bí àbàwọ́n bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, tó sì jẹ́ pé f/16 nìkan ló ń fi í hàn, Lightroom, sọfitíwià tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, á pa á rẹ́ kíá, ẹ sì lè ṣe é lára fọ́tò kan kí ẹ dà á kọ sára ìyókù, nítorí ojú kan náà ló wà. Snapseed lè ṣe tiẹ̀ lórí fóònù. Canon àti Nikon tiẹ̀ fi ọ̀nà kan sínú kámẹ́rà wọn: ẹ ó ya ohun funfun kan, sọfitíwià wọn á fi mọ ibi tí eruku wà.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń jáni kulẹ̀ ni fídíò, nítorí yíyọ àbàwọ́n lára fídíò kì í ṣe iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan. Ibòmíràn ni àdìrẹ. Mo máa ń ya aṣọ fún àwọn ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú. Aṣọ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ kọ tóótòòtó sí, tí wọ́n wá rẹ sínú aró, báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe fẹ́ mọ tóótòòtó tó jẹ́ ti ìyá aláró àti èyí tó jẹ́ ti eruku? Ó ti bá mi pa àmì ara aṣọ rẹ́ rí. Ìyá tó ni aṣọ mọ iye àmì tí òun kọ sí i ju èmi tí mo yà á lọ.

Kámẹ́rà tó ń gbọn ara rẹ̀, àti búlówà

Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní máa ń gbọn dígí orí sẹ́ńsọ̀ wọn pìrìpìrì nígbà tí ẹ bá tàn wọ́n tàbí tí ẹ bá pa wọ́n. Olympus ló ṣíwájú nínú èyí pẹ̀lú E-1 lọ́dún 2003. Canon fi tiẹ̀ sínú EOS 400D lọ́dún 2006. Ẹ lọ wo inú mẹ́nù bóyá tiyín wà ní títàn. Ọ̀fẹ́ ni, kò léwu, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún eruku tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bà síbẹ̀. Eruku tó ti rí ọ̀rinrin, ó lè gbọ̀n títí ilẹ̀ á fi ṣú, mìmì kan ò ní mì í.

Búlówà ló kàn, rọ́bà rogodo tí ẹ ń tẹ̀ lọ́wọ́ kó fẹ́ atẹ́gùn. Nínú gbogbo ohun tí ẹ ó rà, òun ni owó rẹ̀ rọjú jù. Òun náà ni ìwé ìlò Canon àti ti Nikon fọwọ́ sí pé kí oníkámẹ́rà lò nílé. Nikon tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé ohun tí búlówà ò bá lè gbé, kí ẹ má fọwọ́ kàn án, kí ẹ gbé kámẹ́rà wá bá àwọn. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ ẹni tó kọ ìwé yẹn ò gbé Ọbáńtòkó ní Abẹ́òkúta níbí.

Ẹ ra èyí tó kún àtẹ́lẹwọ́. Kékeré tó máa ń bá àpò ìfọ lẹ́ǹsì wá kò lágbára. Bí búrọ́ṣì bá wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ yọ ọ́ dànù. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ síta ní ìgbà mẹ́wàá kí eruku inú òun fúnra rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dojú kámẹ́rà kọ ilẹ̀, kí ẹ máa fẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀ sókè, kí ohun tó bá ṣí lè já bọ́. Ẹnu búlówà ò gbọ́dọ̀ kọjá òrùka tí lẹ́ǹsì ń wọ̀ sí. Fún eruku ọyẹ́ tó gbẹ, ibí ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ò sì ní nílò ìyókù ohun tí mo fẹ́ sọ.

Wàhálà ni pé àwọn èèyàn máa ń wá nǹkan fi dípò rẹ̀. Ẹnu, àkọ́kọ́. Ẹnu ní itọ́. Eruku gbígbẹ tí búlówà ì bá gbé lọ á di àbàwọ́n itọ́ tí yóò ná yín ní odidi swab, igi pẹlẹbẹ tí aṣọ rírọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ tí a ń kán omi sí. Agolo atẹ́gùn tí wọ́n fi ń fẹ́ inú kọ̀ǹpútà tún burú ju ẹnu lọ: bí ẹ bá tẹ agolo náà sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tí ẹ bá mì í, gáàsì rẹ̀ á tú jáde bí omi tútù, á sì yí mọ́ dígí. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ikun imú ọmọdé ṣeé ṣe, bó bá jẹ́ tuntun tí kò rí imú rí. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ sára aṣọ dúdú; bí ìyẹ̀fun funfun bá jáde, ẹ dá a padà fún ọmọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Láfẹ́nwá gbé tiẹ̀ lọ sọ́dọ̀ fọ́kanáísà. Ẹ ò ṣì í kà o, fọ́kanáísà tó ń fẹ́ táyà. Ó ní atẹ́gùn ni atẹ́gùn ń jẹ́. Omi àti òróró máa ń wà nínú ẹ̀rọ yẹn, agbára rẹ̀ sì tó láti ká ṣọ́tà, ilẹ̀kùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níwájú sẹ́ńsọ̀, bí ewé gbígbẹ. Orí bá a ṣe é, ṣọ́tà ò ká. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé kámẹ́rà wá bá mi, ojú sẹ́ńsọ̀ ń dán bí omi òjò tí epo mọ́tò kán sí. Swab mẹ́rin ló jẹ kí a tó rí ojú rẹ̀.

Kí n tó wọ inú èyí tó gba ọwọ́, àwòrán gbogbo rẹ̀ rèé lójú kan:

| Ọ̀nà | Ohun tó ń ká kúrò | Ibi tí ewu wà | Tèmi |
|---|---|---|---|
| Kọ̀ǹpútà | Kò ká nǹkan kan kúrò, ó ń bò ó ni | Fídíò, àdìrẹ, aṣọ oníṣẹ́ wẹ́wẹ́ | Bí kò bá ju méjì lọ |
| Kámẹ́rà gbọn ara rẹ̀ | Eruku tuntun | Kò sí | Ẹ jẹ́ kó wà ní títàn |
| Búlówà | Eruku gbígbẹ | Ó kéré gan-an | Òun la fi ń bẹ̀rẹ̀, ohun yòówù kó jẹ́ |
| Búrọ́ṣì sẹ́ńsọ̀ | Eruku tó lẹ̀ díẹ̀ | Ó lè fi òróró kùn ún | Mi ò rà á mọ́ |
| Igi oníjẹ́lì | Eruku tó lẹ̀ | Ayédèrú máa ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ | Ó dára fún ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ |
| Swab àti omi | Òróró, itọ́, omi tó gbẹ | Ìyanrìn tí ẹ ò kọ́kọ́ fẹ́ kúrò | Òun ló kàn lẹ́yìn búlówà |

Búrọ́ṣì àti igi oníjẹ́lì

Búrọ́ṣì sẹ́ńsọ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń nu lẹ́ǹsì. Irun rẹ̀ rọ̀ gan-an, àwọn kan sì ń fi bátìrì yí, irú Arctic Butterfly ti VisibleDust: ẹ ó jẹ́ kó yí lóde kí eruku ara rẹ̀ fò lọ, ẹ ó dá a dúró, kí ẹ tó fi gba ojú sẹ́ńsọ̀ kọjá. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ òróró wà ní etí yàrá tí sẹ́ńsọ̀ jókòó sí, bí irun búrọ́ṣì bá kan ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohun tí ẹ ó fi kun ojú sẹ́ńsọ̀ nìyẹn. Àti pé nínú ilé tiwa tí fèrèsé ń ṣí sí títì pupa, búrọ́ṣì tí ẹ gbé sílẹ̀ kí ẹ lọ dáhùn ẹnu ọ̀nà ti di ìgbálẹ̀ kí ẹ tó padà dé.

Igi oníjẹ́lì, irú èyí tí Eyelead ń ṣe ní Jámánì, ní rọ́bà rírọ̀ tó ń lẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ kì í fi nù, ẹ kì í fà á. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ ó ká a sókè, eruku á bá a lọ, ẹ ó wá tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ pépà tó ń lẹ̀ tó bá a wá nínú páálí kí eruku yẹn kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó ń tún kámẹ́rà ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó yá, ó sì ń pẹ́ lọ́wọ́. Kò ká òróró. Ẹ ka ara páálí dáadáa bí kámẹ́rà yín bá jẹ́ Sony, nítorí kì í ṣe gbogbo irú rẹ̀ ló gba sẹ́ńsọ̀ wọn. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀, ohun tó sì lẹ̀ tí kì í ṣe ojúlówó, àpá rẹ̀ lẹ ó máa fi swab wá nígbẹ̀yìn.

Swab àti omi rẹ̀

Ìbẹ̀rù swab ló ń mú kí àwọn èèyàn gbé ìdọ̀tí kiri fún ọdún méjì. Dígí ni ẹ ń nù, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó sì ń ha dígí yẹn kì í sábà jẹ́ aṣọ swab, ìyanrìn tó wà lábẹ́ aṣọ náà ni. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni eruku ọyẹ́ ti ń bọ̀, pàápàá láti agbègbè Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Yanrìn ni, ó kàn kúnná ju èlùbọ́ lọ ni. Ìdí nìyẹn tí búlówà fi gbọ́dọ̀ ṣáájú swab nígbà gbogbo, kódà bí ẹ bá fojú ara yín rí i pé òróró ló wà níbẹ̀.

Fífẹ̀ swab gbọ́dọ̀ bá òró sẹ́ńsọ̀ mu kí ẹ lè gba gbogbo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Sẹ́ńsọ̀ full frame jẹ́ mílímítà 36 ní ìbú, 24 ní òró, nítorí náà swab 24 ni tiẹ̀. Crop, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó kéré sí i, ti Nikon àti Sony jẹ́ nǹkan bíi 23.5 sí 15.6, ti Canon jẹ́ 22.3 sí 14.9, swab 16 ni wọ́n ń tà fún wọn. Ẹni tó bá fi swab 24 sínú kámẹ́rà crop, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni yóò máa nù.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí. Òwúrọ̀ kùtù ni, kí àwọn ará ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Balùwẹ̀ ni mo ń lò, n kì í wọ ilé ìdáná, nítorí òróró dòdò ń fò kiri nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ iná kalẹ̀. Màá da omi gbígbóná sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, màá ti ilẹ̀kùn, ooru rẹ̀ á mú eruku inú afẹ́fẹ́ wálẹ̀. Nígbà tí ooru náà bá ti rọlẹ̀ pátápátá, tí kò sí omi lára dígí ògiri balùwẹ̀ mọ́, ni màá tó gbé kámẹ́rà wọlé, màá gbé e lé orí àpótí, màá dojú rẹ̀ kọ òkè. Bátìrì kún. Tọ́ọ̀ṣì tó ń so mọ́ orí wà lórí mi. Búlówà, ìgbà mẹ́wàá; fún ìyẹn nìkan ni màá kọ́kọ́ dojú kámẹ́rà kọ ilẹ̀, kí n tó dá a padà.

Màá já ọ̀rá swab, màá kán omi rẹ̀ sí etí aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Màá kà dé mẹ́wàá kó lè wọnú aṣọ. Ó gbọ́dọ̀ tutù, kò gbọ́dọ̀ kán. Màá gbé e lé etí kan, màá tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fi bírò kọ̀wé sórí pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fẹ́ kó ya, màá fà á láìdúró títí dé etí kejì. Màá gbé e, màá yí ojú rẹ̀ tó ṣì mọ́ síta, màá fi ìyẹn fà á padà. Ó parí. Ẹ ó rí i tí omi náà ń gbẹ lójú yín, bí èémí tí ẹ mí sára dígí, tó ń sún kúrò ní etí wá sí àárín títí kò fi sí mọ́. Bí kò bá gbẹ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, omi ti pọ̀ jù.

Swab tó ti ṣe méjèèjì yẹn ti kú. Mo ti gbìyànjú rí láti fi ẹyọ kan ṣe kámẹ́rà méjì nítorí owó. Kámẹ́rà kejì jáde pẹ̀lú ìlà gbọọrọ kan láti etí dé etí, ọkàn mi fò, mo rò pé mo ti ha á. Kò ha, òróró kámẹ́rà àkọ́kọ́ ni mo lọ pín fún un. Swab tuntun méjì ni mo fi san gbèsè ẹyọ kan tí mo fẹ́ jẹ.

Omi ńkọ́? Ẹ lo èyí tí wọ́n ṣe fún sẹ́ńsọ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń bi mí lọ́kàn rẹ̀ pé ṣé spírítì kẹ́míìsì ò lè ṣe é. Omi wà nínú rẹ̀, nígbà mìíràn àwọ̀ tún wà nínú rẹ̀. Bó bá gbẹ, òrùka ni yóò fi sílẹ̀. Sànìtáísà ní gílísárínì, ìyẹn ò ní gbẹ láéláé. Omi ìyọ èékánná lè yọ́ pílásítíìkì inú kámẹ́rà. Owú etí ń já fọ́nrán sílẹ̀. Áńkáṣíìfù, ẹ jọ̀ọ́.

Ọ̀kan lára àwọn omi sẹ́ńsọ̀ tí àwọn ayàwòrán mọ̀ jù, Eclipse, mẹ́tánọ́ọ̀lù ni. Ó máa ń gbẹ láìfi àpá sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó. Ṣùgbọ́n mẹ́tánọ́ọ̀lù yìí kan náà ló wà nínú ògógóró tó pa àwọn èèyàn ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́dún 2015. Ó ń fọ́ni lójú, ó ń pani, ó sì ń tètè gbaná. Ẹ má dà á sínú ike omi mímu, ẹ má fi sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé, ẹ má sì lò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì tí ẹ fi ń lé ẹ̀fọn.

DSLR àti mirrorless kì í ṣe ọ̀kan náà

Nínú DSLR, dígí tó ń gbé àwòrán sókè àti ṣọ́tà ló bo sẹ́ńsọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ sínú mẹ́nù, kí ẹ wá ìlà tó wà fún fífi ọwọ́ nu sẹ́ńsọ̀, kámẹ́rà á gbé dígí sókè, á ṣí ṣọ́tà, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi pa á. Bí bátìrì bá kú nígbà tí swab wà nínú, ṣọ́tà á tì mọ́ ọn lórí. Nikon kì í tiẹ̀ gbà kí ẹ wọ ibẹ̀ bí bátìrì ò bá pọ̀ tó. Àwọn kan máa ń fi Bulb ṣe é, kí wọ́n fi ìka tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ kí ṣọ́tà má tì. Ọjọ́ tí ìka bá yọ̀ ni wọ́n ń mọ iye tí ṣọ́tà ń jẹ́.

Mirrorless, tí kò ní dígí tó ń gbé àwòrán sókè yẹn, rọrùn láti nù, àmọ́ ó tún rọrùn láti dọ̀tí: bí ẹ ṣe yọ lẹ́ǹsì báyìí, sẹ́ńsọ̀ ti ń wo yín lójú. Àwọn kan máa ń ti ṣọ́tà bò ó bí ẹ bá pa kámẹ́rà, Canon EOS R ti ọdún 2018 jẹ́ ọ̀kan. Ààbò tó dára ni nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ẹ má fẹ́ búlówà sí ṣọ́tà tó wà ní títì, ẹ má sì fọwọ́ kàn án, ó fúyẹ́ ju dígí lọ. Bí kámẹ́rà yín bá ní ohun tó ń mú sẹ́ńsọ̀ dúró kí ọwọ́ má gbọ̀n, ẹ ó rí i pé sẹ́ńsọ̀ ń yí díẹ̀ bí swab bá kàn án. Kò bàjẹ́. Ẹ kàn jẹ́ kí ọwọ́ yín fúyẹ́ sí i.

Ilé, tàbí Èkó?

Oníṣẹ́ kan wà tí mo gbé kámẹ́rà lọ bá kí n tó mọ nǹkan kan. Ó gba owó, ó ní kí n jókòó, ó fa owú mọ́ orí igi ìtayín, ó sì tì í bọ inú ìgò kan tí kò ní orúkọ lára. Mo dìde. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fi sílẹ̀, mo ní nǹkan pàjáwìrì." Owó mi ò padà, kámẹ́rà mi padà. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè kan ni mo ń bi oníṣẹ́ yòówù kí ó jẹ́: "Kí lẹ fẹ́ fi nù ún?" Ẹni tó bá ní ìdáhùn tó yéni á fi swab tó ṣì wà nínú ọ̀rá hàn yín. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè, ẹ gbé ẹrù yín.

Àwọn nǹkan kan wà tí n kì í dá ṣe nílé. Àbàwọ́n tí búlówà kò mì, tí swab mẹ́ta kò mì, lè wà lábẹ́ dígí, ìyẹn ju agbára balùwẹ̀ lọ. Omi tó dà wọnú kámẹ́rà. Ìlà tó jọ pé ó ha lóòótọ́. Àti òróró tó ń padà wá lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá nù ún, nítorí ṣọ́tà ló sábà máa ń ta irú rẹ̀ sílẹ̀. Nikon D600 ti ọdún 2012 lókìkí fún èyí débi pé ní oṣù kejì ọdún 2014, ilé iṣẹ́ náà gbà láti nu wọ́n kí wọ́n sì pààrọ̀ ṣọ́tà wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kódà èyí tí àkókò ìdánilójú rẹ̀ ti kọjá. D600 tòkunbọ̀ ṣì ń wọlé. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan fún yín, ẹ ya ògiri ní f/16 níwájú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó dá iye tí ẹ ó san.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Abẹ́òkúta ló ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí Ìkẹjà. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ni mo fara mọ́, láti ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Láderin títí dé Agége. Ojú irin ò ní kòtò tó ń jù kámẹ́rà sókè sódò bíi títì. Ẹ fi lẹ́ǹsì tàbí ìdérí sí ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ má lọ gbé eruku Èkó wá kún ti Ẹ̀gbá.

Tó bá di oṣù kọkànlá, mo máa ń fi lẹ́ǹsì kan ṣoṣo jáde, mi ò kì í yọ ọ́ lóde mọ́. Bó bá di dandan, inú mọ́tò tó ti fèrèsé ni, kámẹ́rà ní pípa, ojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, lẹ́ǹsì kejì ti ṣí ìdí sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn ọ̀wàmbẹ̀ tí páúdà àti èéfín ìdáná ti jọ wà níbẹ̀, mo ń fẹ́ búlówà lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ọ̀rinrin má tíì so eruku náà mọ́ dígí.

Bí ẹ bá nù ún tán, ẹ tún ya ògiri ní f/16. Ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan kù ní igun. Ẹ má fi swab karùn-ún lé e. Tèmi ní ọ̀kan lápá ọ̀tún lókè, ó ti ń bá mi gbé láti ìgbà òjò. Ní f/8 mi ò rí i.